Jáńgílófà Tí Ọmọ Kò Ní Í Ga Jù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, tó jẹ́ ìyàwó tèmi náà, ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé wọ́n ń sùn? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi ojú mi tí kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àti orókún mi ọ̀tún tí òjò máa ń kọ́kọ́ sọ fún kó tó rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lójú títì kò ní í tòògbé. O ò ní í fẹsẹ̀ kọ lọ́nà ibi iṣẹ́. Àmín.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, pé ẹ lè máa bọ̀ nígbà ìsinmi gígùn yìí, pé kí n wá nǹkan tí àwọn ọmọ yóò fi máa ṣeré sí ẹ̀yìnkùlé, kó má sì jẹ́ ohun tí wọ́n máa tètè dàgbà kọjá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. "Ẹ lè máa bọ̀" yẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ìsinmi tó kọjá, o ní ẹ lè máa bọ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo gbá ẹ̀yìnkùlé títí, adìẹ nìkan ló wá ṣeré níbẹ̀.

Jẹ́ kí n tún sọ èyí tó ń dùn mí, má bínú. Kaba tí mo rán fún ọmọ rẹ obìnrin lọ́dún tó kọjá, tí ìyàwó mi ní ó bá a mu rẹ́gí, mo rí i nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọlańgidi rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. N kò bá yín jà. Aránṣọ ni mí, mo mọ ẹni tí aṣọ bá mu. Bí mo ṣe rí ọmọ náà kẹ́yìn ni mo ṣe gé aṣọ, ọmọ ò sì dúró dè mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí lórí ohun ìṣeré yìí.

Èyí tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín, tí o ní kí n wò, obìnrin tó ń bá wa ṣáájì fóònù ló ṣí àwòrán rẹ̀ fún mi. Ó wù mí lóòótọ́, ó pọ́n, ó ń dán, ọmọ máa gorí rẹ̀, á sì yọ̀ wálẹ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Mo bi obìnrin náà pé ta ló máa sọ fún ohun ìṣeré náà pé ọmọ ti pé ọdún méje, ṣé ó máa ta ọmọ dànù ni? Ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n tún ya ìràwọ̀ márùn-ún sí i, ìkarùn-ún sì ti là sí méjì. Ohun tí a ò tíì gbé délé tí ìràwọ̀ rẹ̀ ti ń fọ́, mi ò fẹ́ ẹ lábẹ́ àwọn ọmọ mi.

Ni mo bá pe kafíńtà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀, nítorí àpótí aṣọ tí mo ní kó kàn fún mi nígbà tí o ṣì wà nílé ìwé, títí di òní ó ku díẹ̀. Mo ní kó bá mi so jáńgílófà mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí n mú ìwọ̀n àwọn ọmọ wá. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ìwọ̀n? Mo gbé téèpù lé fọ́tò wọn nínú fóònù, ọmọ rẹ obìnrin ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo mọ̀ pé fóònù máa ń dín ènìyàn kù, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí obìnrin oníṣáájì bá mi mú un wá sí bó ṣe ga gan-an. Ó la ìka méjì lójú dígí fóònù, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà! Téèpù ò tó mọ́, orí gba òkè lọ, ẹsẹ̀ gba ìsàlẹ̀ lọ, ó wá ku imú nìkan. Mo pariwo pé kó dá a padà, kó jọ̀ọ́ dá a padà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà nìyẹn, tí mi ò sí níbẹ̀.

Mo wá ronú bí aránṣọ. Bí a bá rán aṣọ ọmọ, a máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ po sínú, kí ìyá rẹ̀ lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ti ń ga. Mo ní kí Ó-Ku-Díẹ̀ ra okùn gígùn, kó ká ìyókù mọ́ ẹ̀ka lókè, ọdọọdún la ó máa tú u. Ó wò mí, ó ní bí a bá ń tú u, ṣé kò ní í balẹ̀ ni. Mo ní kó dákẹ́, pé ta ló rán aṣọ tó fi gbéyàwó. A so ó bí mo ṣe wí. Mo jókòó lé e fúnra mi kí n dán an wò, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀, orókún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Orí rẹ̀ ni mo wà tó fi yé mi. Aṣọ ń gùn bí ọmọ bá ń ga, àmọ́ okùn jáńgílófà, kíkúrú ló yẹ kó máa kúrú, kí ẹsẹ̀ má bàa wọ́ nílẹ̀. Ojú mi kún fún omi. Ó-Ku-Díẹ̀ rò pé nítorí pé òun jàre ni, ó ń bẹ̀ mí.

Ó fẹ́ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ méjì sí ìjókòó rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, mo kọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ ń sanra. Pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ló ń gba ọmọ, tó ń gba ìyá ọmọ, tó sì ń gba ìyá àgbà. A gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé e, ẹ̀ka ò mira. A tú okùn náà sílẹ̀ padà, kò wá ku nǹkan kan mọ́ àfi ibi tí a máa dè é sí. Ó-Ku-Díẹ̀ sì ti ń yangàn káàkiri pé lẹ́ẹ̀kan yìí, kì í ṣe lọ́wọ́ òun ló ku díẹ̀ sí.

Nítorí náà, ní kí ìyàwó mi fi òwú wọn ẹsẹ̀ wọn fún mi, láti kòtò ẹ̀yìn orókún dé gìgísẹ̀, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí wọ́n má wọ bàtà. Òwú pupa fún obìnrin, òwú dúdú fún ọkùnrin. Kó ká wọn sínú lẹ́tà. Ẹ má fi fọ́tò òwú ránṣẹ́ sí mi o.

Bí owó díẹ̀ bá sì tẹ̀ lé òwú náà, fún okùn àti fún awò ojú, mi ò ní í lé e. Àmọ́ má fi gba báǹkì. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ní kí n tẹ àtàǹpàkò, mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò mọ̀ mí. Abẹ́rẹ́ ti ń gún àtàǹpàkò náà láti ìgbà èwe mi, ilà ojú rẹ̀ ti pa rẹ́. Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé èmi ni, ó kọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé kí àwọn ọmọ rẹ náà má lọ wò mí lọ́jọ́ kan bí ẹ̀rọ náà ṣe wò mí.

Ìwọ náà á jèrè ọmọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí. Àwọn ọmọ á ga, wọ́n á ga jù ọ́ lọ, àmọ́ ojú mi á rí wọn kí wọ́n tó ga tán.

Mo ti ka lẹ́tà yìí padà, mo sì rí i pé mo tún ti gé aṣọ náà bí mo ṣe gé e lọ́dún tó kọjá. Kí òwú tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ á ti gùn jù ú lọ. Má wulẹ̀ fi òwú ránṣẹ́ mọ́. Kó ẹsẹ̀ wọn wá. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì dè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.