Àáró Tí A Fẹ́ Wá Bá Ọ Ṣe Ní Ìbàdàn

Ilé Ògúnlàdé,
Èrìjìyàn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, ọdún 1964.

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò kó jàǹdùkú jọ láti wá na ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì tẹlifóònù. Àdá tí wọ́n ní àwọn rí lọ́wọ́ wa ní ibùdókọ̀ Arámọkọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ la gbé e dání fún. N ó ṣàlàyé. Kí n tó ṣàlàyé, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ilé tí o ń gbé kò jò? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Ìbàdàn tù ọ́ lára, kí Ògún tí àwọn bàbá wa sìn máa ṣọ́ ọ̀nà fún ọ. Àjíkẹ́ ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, akọ ni méjèèjì, ìyá rẹ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òjò ń rọ̀ bó ṣe wù ú. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ ti kú, èmi ni bàbá rẹ, nítorí náà fara balẹ̀ ka ìwé yìí bí ọmọ.

Lẹ́tà rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní o ń sùn, ṣùgbọ́n bí o bá jí, ó máa ń rẹ̀ ọ́ ju ìgbà tí o dùbúlẹ̀ lọ. O ní ẹnìkan ní kí o bá òun na ọwọ́ mú iyọ̀, ni o bá bú sẹ́kún. O ní o so obìnrin tó ń wá ọkọ rẹ̀ lórí tẹlifóònù mọ́ ilé tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì ti ń bá a ná àpò mẹ́wàá kí o tó mọ̀. Lẹ́yìn náà o ní dókítà yẹ̀ ọ́ wò, kò rí àrùn kankan, ó sì kọ ìwé pé kí o lọ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n o fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kí wọ́n má baà pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Ibí yìí ni mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò ní àrùn, kí ni dókítà ń sọ pé kó sinmi sí? Bí ó bá sì ní àrùn, kí ló dé tí dókítà kò rí i? Mo kàwé dé kíláàsì kẹfà, n kò bá irú rẹ̀ pàdé.

Mo tún ro ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. O ní ọ̀rọ̀ tó igba ènìyàn ló ń gba etí rẹ kọjá lójúmọ́. Alárù tó ru àgbàdo dé ọjà a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ igba ènìyàn yìí, níbo lo ń sọ̀ ọ́ sí? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń kí ọ kí wọ́n tó kọjá? Níbí, ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé ènìyàn lọ sódò gbọ́dọ̀ kí onílé.

Nígbà tí n kò rí ìdí rẹ̀, mo lọ bá ẹgbẹ́ àáró wa. O mọ̀ bí a ti ń ṣe é: lónìí a ó kọ ebè fún tèmi, lọ́la fún tìrẹ, bí ara ẹnìkan kò bá sì yá, àwọn tó kù á bá a kọ tirẹ̀ tán. Mo ní kí àwa mẹ́fà wá bá ọ ṣe iṣẹ́ tẹlifóònù náà fún ọjọ́ méjì, a ó ṣe é tán pátápátá, kí ìwọ sì sùn. Fáṣuyì béèrè bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀. Àṣírù tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí ní òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kí a fi òun síwájú. A kì í lọ sí àáró lọ́wọ́ òfo, ni a bá mú àdá.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Arámọkọ, awakọ̀ lọ́rì rí wa, ó béèrè bóyá orí wa pé. Ó ní lásìkò òṣèlú yìí, ọlọ́pàá Ìbàdàn kì í bi aládàá ní ìbéèrè kó tó tì í mọ́lé. Kíá ni iṣẹ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìrántí àwọn ènìyàn mi. Fáṣuyì rántí pé inú ń run ìyàwó òun. Ẹlòmíràn rántí ẹ̀bìtì tí òun kò tíì lọ wò. Mo ka mẹ́fà, mo ka mẹ́rin, mo ka méjì. Nígbà tó ku Àṣírù nìkan, mo dẹ́kun kíkà. Àṣírù jókòó pa, ó ní òun ti torí ìrìn yìí jẹun àárọ̀ yó, òun kò sì lè pọ̀ ọ́.

Tíṣà Bọ́lárìnwá tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà ló là wá lóye. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di lọ́rì mú. Ó ní iṣẹ́ tẹlifóònù kì í tán, bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíràn á tún pè, bẹ́ẹ̀ ni lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni lọ́túnla. Mo bi í pé ebè ìkẹyìn ńkọ́. Ó ní kò sí ebè ìkẹyìn. Fọlákẹ́, ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí. Níbí, ebè ìkẹyìn ló ń sọ fún ènìyàn pé kó nàró. Ta ló ń sọ fún ìwọ?

Bí èmi àti Àṣírù ti ń padà sílé, mo wá rántí bàbá rẹ. Lọ́dún tó kú, ó ti fi oko kún oko títí kòkó rẹ̀ kò fi lópin mọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta tí kò kọrin lóko. Ó ń jágbe mọ́ ajá. Ó ń jẹun láìmọ ohun tó jẹ. Ibà kò ṣe é, kò wúkọ́. A rí gbogbo rẹ̀, a sì ń yìn ín pé akíkanjú ni. Èmi gan-an ló ń yìn ín jù. Lọ́jọ́ tó ṣubú sábẹ́ igi kòkó, ọ̀tá la ń wá káàkiri.

N kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀. Yọ ìwé dókítà lábẹ́ ìrọ̀rí, kí o mú un fún ọ̀gá rẹ lọ́la. Ẹni tó bá pè ọ́ ní ọ̀lẹ, ní kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ìyá rẹ fẹ́ fi omi gbígbóná Ìkógòsì ránṣẹ́ sí ọ kí o fi wẹ ẹsẹ̀. Ó pọn ọ́n sínú ìgò, ó fi aṣọ mẹ́ta wé e, ó sáré. Kó tó délé, ó ti tutù bí omi àmù. Ó tún padà lọ, ó ní bóyá òun kò sáré tó. Mo sọ fún un pé omi yẹn kì í lọ bá ènìyàn, ènìyàn ló ń lọ bá a. Ó ní nígbà náà kí o wá ulé.

Ní ti owó, mo ní èyí tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, má bínú. Owó ọkọ̀ ènìyàn kan ni, láti Ìbàdàn dé Arámọkọ. Má fi í sínú lẹ́tà, má fi í rán ẹnikẹ́ni. Fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́, kí o sì wọ ọkọ̀ náà. Èmi àti Àṣírù yóò máa retí rẹ lọ́jọ́ Sátidé.

Kí Ọlọ́run mú ọ délé láàyè. Kí ó má jẹ́ kí a tún fi ìyìn pa ènìyàn nínú ilé yìí.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Ògúnlàdé.