Bàtà Màámi Ti Lọ sí Ìjẹ̀gùn

Ìgàndò, Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi Olúrẹ̀mí,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kánádà, ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ? Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́, wọn kì í sì í gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe àjọ̀dún fún gbogbo àdúgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì yọ̀ǹda ara mi láti ṣiṣẹ́. Nítorí pé mo lọ Poly, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ bàtà tí àwọn èèyàn bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá kan tó wọ aṣọ funfun nawọ́ sí bàtà pupa. "Ọmọ mi, bá mi mú tèmi yẹn jàre." Fóònù ni mò ń tẹ̀. Mo mú un fún wọn láì wò ó. Wọ́n ní èmi náà á wọ bàtà ayọ̀. Mo ṣe àmín kíkankíkan. Wọ́n wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀gùn lọ. Bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Màámi ni.

Nígbà tí Màámi jáde, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí. "Olùṣọ́ bàtà, o kú iṣẹ́ o." Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún àwọn alàgbà pé àwọn fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ni. Lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì kéde rẹ̀, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Tí Màámi bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn. Èmi ni. Sálúbàtà mi tó tóbi ni wọ́n ń wọ́ kiri ilé báyìí, mo sì ń gbọ́ gbogbo ìṣísẹ̀ wọn.

Kí Ọlọ́run máa bá yín ṣọ́ gbogbo ohun tí ẹ ní. Òun kì í tẹ fóònù.

Àbúrò yín,
Báyọ̀dé