Ẹ̀rọ Tí Ohùn Yàn fún Bàámi

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹwàá, 1999
Síídì dé láti Jámánì. Ẹni tó mú un wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹ́gun fi bíírò dúdú kọ ọ́ sí i lára: ÌGBÉYÀWÓ WA. Ọdún méje rèé tó ti lọ. Màámi fi ìka tọ́ etí síídì náà yípo bíi pé ojú ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n fídíò tó wà nílé wa, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń gbà.

Bàámi ní a ó ra ẹ̀rọ tó máa gbé e jáde. Màámi ní, "Ìgbà wo?" Bàámi ní, "Ó ní ọ̀nà tí à ń gbà ṣe nǹkan."

Ha. A ti wọ gàù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Wọ́n ti ṣí fáìlì. Fáìlì gidi! Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni Bàámi ní Ìyànà Ọ̀fà — ìdí nìyí tí mo fi ń pè wọ́n ní Fáìlì nínú ìwé yìí. (Tí wọ́n bá rí i, ó dìgbà.) VCD lápá kan, DVD lápá kejì. Lazarus tó ń ta ẹ̀rọ lẹ́bàá títì ti sọ fún wọn pé àwòrán VCD máa ń ṣú díẹ̀, pé ti DVD mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun imú òṣèré. Fáìlì kọ ọ́ sílẹ̀: "irun imú". Mo fojú mi rí i.

Lazarus ní, "Bàbá, ẹ gbé síídì yín wá, ká dán an wò nínú méjèèjì. Èyí tó bá gbà á, ẹ máa gbé e lọ."

Ṣé ọ̀rọ̀ ò ti tán? Fáìlì ní rárá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wòran ní ṣọ́ọ̀bù Lazarus ò ní rí ìyàwó ọmọ àwọn kí àwọn tó rí i. Àwọn máa rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Wọ́n ṣì ń rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Alhaji Sùnmọ́nù, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwa, wá kí wa. VCD wà nílé wọn. Ó ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ wá wò ó lọ́dọ̀ mi ná, kí ara Ìyá Ṣẹ́gun lè balẹ̀." Màámi ti dìde, wọ́n ti lọ mú gèlè.

Fáìlì ní, "Alhaji, ẹ ṣeun. Ìyàwó ọmọ mi ò ní ti ilé onílé wọ ilé mi."

Màámi jókòó padà. Wọ́n ṣẹ́ gèlè náà po, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ po, títí ó fi kéré bí àkàrà. Inú bí mi bíi kí n kígbe.

Ọjọ́rú, 13
Ó ti dé iwájú Ọlọ́run báyìí. Fáìlì gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, aríran ìjọ wa — Fèrè ni mò ń pe ìyẹn, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Fèrè ní kí Bàámi gbàdúrà ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta, ohùn yóò wá. Ohùn! Lórí VCD àti DVD!

Bí a ṣe délé, mo fi ohùn Fèrè kí Màámi: "Ìyá Ṣẹ́gun, mo ríí ìmọ́lẹ̀ẹ̀ẹ̀..." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí síídì ti dé. Wọ́n ní, "Sanmí, ohùn pírínsípà tí o ń sín jẹ ló lé ẹ kúrò ní kíláàsì kẹta, o ò tíì kọ́gbọ́n." Mo ní, "Màámi, èmi kọ́, Ẹ̀mí ni." Wọ́n gbá mi létí, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo ṣe é.

Ọ̀sán gangan. Fáìlì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá, sùtánà funfun lọ́rùn, fèrèsé ṣí. Èmi wà láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo di imú mú bíi Fèrè, mo pe Bàámi lórúkọ.

"Adéwọlé! Adéwọlééé! Báyìí ni Ẹ̀mí wí: èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni kí o mú. Má dán an wò! Ẹni tó ń dán an wò, Olúwa ló ń dán wò! Dìde!"

Mo rò pé wọ́n máa yọrí síta, wọ́n máa fi bàtà lé mi, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Mo kàn gbọ́ "Àmín! Àmín! Àmín!" Wọ́n jáde tààrà lọ́wọ́ iwájú ilé, láìwọ bàtà, wọ́n gun ọ̀kadà. Nígbà tó fi máa di agogo méjì, wọ́n ti dé, wọ́n gbá páálí DVD mọ́ra bí ọmọ ìkókó.

Inú mi dùn o. Mo ní ẹnu mi dà bí idà.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Àbẹ́là, sáàmù, Fèrè wọ́n lọ́fínńdà sí páálí. Lẹ́yìn náà la gbé e wálé. Màámi wọ léèsì, wọ́n wé gèlè, bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó gan-an.

Ẹ̀rọ gbé síídì mì. Kírí, kírí. Ó kọ ọ́: NO DISC. A yọ ọ́, a nù ún, a tún fi í sí i. NO DISC. Síídì tí Lazarus fi tọrẹ ń ṣiṣẹ́ — irun imú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ti Ṣẹ́gun: NO DISC.

Màámi ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní kò sí síídì." Wọ́n ní, "Èyí tí mo fọwọ́ ara mi kì sí i lẹ́nu?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Lazarus ní DVD yẹn kì í gba síídì téèyàn dà kọ fúnra rẹ̀, VCD máa gbà á wéré. "Mo ṣá ní ká dán an wò!" Ó ní òun ṣe tán láti pààrọ̀ rẹ̀. Fáìlì ní, "Ohun tí Ọlọ́run fi ohùn yàn? Ta ni mí?" Wọ́n ti ń gbààwẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè ríran.

Wọ́n tilẹ̀ lọ bi Fèrè. Fèrè ní òun ò rántí pé òun sọ ọ́, àmọ́ tí Ẹ̀mí bá yá ẹnu èèyàn lò, ẹnu kì í mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21
Màámi ká léèsì àti gèlè wọn padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
N ò lè fẹnu sọ ọ́. Mo kọ ọ́: "Bàámi, èmi ni ohùn yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Mo fi í sínú fáìlì. Wọ́n ti gbé fáìlì sínú báàgì lọ sí Erunmu, ìsìnkú ará ibi iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀. N óò jẹ ìyà gan-an. Kò burú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23
Màámi ní, "Bàbá ẹ ò sí nílé. Dìde." Wọ́n ti há síídì sínú ìró. Ilé Alhaji. Ìyàwó rẹ̀, Modinat, tan VCD fún wa. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣẹ́gun! Ó ti yọkùn. Màámi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀: "Ọkọ mi, o ti sanra. Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?" Ìyàwó rẹwà. Lẹ́yìn náà, àga méjì níwájú. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, aṣọ òkè. Alága ìdúró ní kí òbí ọkọ gba ọmọ wọn. Ṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń súre.

Màámi ní, "Sanmí, ta nìyẹn?"

Èmi tí mo ní ohùn gbogbo ayé. N ò rí ọ̀kan lò.

Modinat ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á wá àgbà tó wà nítòsí. Ìjókòó lásán ni."

Màámi ní, "Mo gbọ́." Wọn ò jẹ́ ká wò ó tán.

Lójú ọ̀nà: "Bàbá ẹ ò gbọdọ̀ rí i. Ẹnìkan ti jókòó sórí àga wọn."

Mo sọ nípa ìwé tó wà nínú fáìlì fún wọn, pé Bàámi máa lọ gba VCD. Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n wò mí. Wọn ò tilẹ̀ bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 25
Fáìlì pè mí láàárọ̀. "Ìwọ ni?" "Èmi ni, sà." Wọ́n ní, "Ohùn ẹ jọ ti Ìyá Gbọ́njúbọ́lá o." Wọn ò nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí.

Wọ́n gbé DVD padà fún Lazarus. Ìrọ̀lẹ́ yìí, VCD dé. Wọ́n so wáyà fúnra wọn, wọ́n wọ agbádá, wọ́n to àga méjì síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jókòó sórí ọ̀kan. "Ìyá Ṣẹ́gun, síídì dà?"

Màámi ní, "Mo ń wá a." Wọ́n tún ìró wọn ró. Mo rí etí síídì tó yọ lábẹ́ aṣọ.

Fáìlì ní, "Sanmí, bá wọn wá a."

Mo gbé tìmùtìmù. Mo gbé ẹní. Mo wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Fáìlì ti bọ́ agbádá, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sọ pé kò jìnnà, kò jìnnà.