Ẹni Tí Yóò Máa Jí Arúgbó

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ má fòyà, ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ kàn ṣe mí léṣe díẹ̀ ní ẹsẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ibí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà, bàtà ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ó máa nù." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nínú gbogbo alùpùpù àtijọ́ tí a jọ kó jọ, ẹ ní èmi nìkan lẹ ó jẹ́ kó máa jí Arúgbó, èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi obìnrin máa jí i, Bàbá. Kó rọra fẹsẹ̀ tẹ irin tí a fi ń ṣáná sí i títí yóò fi le, kó gbé e sókè díẹ̀, kó wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o. Mo gbìyànjú ẹ̀ wò lórí ibùsùn kí n má bàa ṣì í kọ. Ó jọ pé ẹsẹ̀ yẹn ṣì rò pé òun wà níbẹ̀.

Tó bá ti dún, ẹ pè mí, kẹ́ ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ má sọ nǹkan kan.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tẹ́ ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ fo ọ̀rọ̀ bàtà yẹn.

Ọmọ yín