Abẹ Yín àti Orí Ọmọ Sìdíkátù

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ orí gbogbo ẹni tó ń jókòó síwájú yín ní Òkè Fìà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìlú òyìnbó. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú Jímọ̀ọ̀. Jímọ̀ọ̀, àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka ìwé yìí sí wọn létí, mo kí ọ. Má fo ibì kankan. Mo ti ní kí oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú, torí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni onígbàjámọ̀ ní Òṣogbo. Ẹ má bínú sí mi.

Òtútù ti dé. Súwẹ́tà méjì ni mò ń wọ̀ léra, síbẹ̀ ìyá arúgbó tó ni ilé tí mò ń gbé ń sọ pé ojú ọjọ́ dára. Iṣẹ́ mi ní ilé ìkàwé ń lọ déédéé. Ìwé àtijọ́ ni mò ń tò, wọn kì í sì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka lẹ́tà Jímọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ṣe òun, pé ìtọ̀ òun dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, àti pé àwọn oníbàárà yín ń bi í bóyá ẹyin ló gbé sójú. Ó ní ara òun ti ń yá. Ó tún kọ ọ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ni Sìdíkátù, àbúrò wa, yóò bímọ ní Iléṣà, àti pé ẹ̀yin fúnra yín yóò lọ fá orí ọmọ náà lọ́jọ́ kẹjọ pẹ̀lú abẹ tí Bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún yín. Ìròyìn méjèèjì yìí ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn wá sí ibi iṣẹ́ wa. Mo fún wọn ní tèmi, wọ́n fún mi ní tíì àti bisikíìtì, inú mi sì dùn pé ẹ̀jẹ̀ ará Òṣogbo máa tó rìn kiri lára òyìnbó kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò lè lò ó. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò kan tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Ó ń mú ojú ẹlòmíràn pọ́n. Ó sì ń gbé lára ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi bàjẹ́. Lára àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo wà. Ìyá mi, ẹ má sunkún. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì dára, wọn yóò sì máa yẹ̀ mí wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó ní n kò gbọdọ̀ mu ọtí. Mo sọ fún un pé bàbá mi ti ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́.

Ó bi mí bóyá wọ́n ti fi abẹ kan gé èmi àti ẹlòmíràn rí. Mo rántí ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Àwa méjìlá ni ẹ kó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ fi abẹ kan náà fá orí wa, tí ẹ sì sín wa ní gbẹ́rẹ́ ààbò ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bùọ̀dá Làmídì ń ṣẹ̀fẹ̀ pé abẹ yín mọ ẹbí wa ju ìmáàmù lọ. Nígbà tí dókítà gbọ́ pé méjìlá ni wá, ó gbé kálámù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ibẹ̀ ni mo ti kó o, ṣùgbọ́n bí òun bá jẹ́ kòkòrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni òun ìbá lọ. Sìdíkátù kò sí níbẹ̀. Ó ti wà nílé ọkọ.

Bàbá, mo mọ ìmọ́tótó yín. Mo rí bí ẹ ṣe ń fi kẹrosíìnì nu abẹ, tí ẹ sì ń fà á lórí awọ. Kẹrosíìnì kò pa kòkòrò yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí ti tó fún un. Abẹ́rẹ́ àwọn tó ń gún ènìyàn kiri ojúlé ń gbé e, ọkọ àti aya lè kó o ran ara wọn, ìyá sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Kì í ti ọwọ́ bíbọ̀ ràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lé Jímọ̀ọ̀ kúrò nídìí àwo oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó jọ ọ́, tó ń ti inú ìgbẹ́ bọ́ sínú omi àti oúnjẹ. Ẹ se omi kànga kí ẹ tó mu ún, kí gbogbo ilé sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ bí wọ́n bá ti ṣálángá dé. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ṣe Jímọ̀ọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Omi ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí Ìyá ń fún un mu dùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Títí di ọdún 1975 tí a wà yìí, wọn kò tíì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yìí. Wọ́n ṣì ń wá a.

Mo fi abẹ tuntun mẹ́fà rán ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìdó-Ọ̀ṣun, tó ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí. Orí kan, abẹ kan. Ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó fi kan orí mìíràn, kí ẹ sì sè é níwájú àwọn oníbàárà kí wọ́n rí i. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní abẹ Bàbá àgbà ló fá yín, òun ló fá èmi náà, kò sì sí ohun tó ṣe wá. Bàbá, èmi tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí yẹn gan-an ni wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà.

N kò ní kí ẹ ju abẹ náà nù. Ẹ gbé e lọ sí Iléṣà, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn àna wa, kí ẹ wá fi tuntun fá orí ọmọ náà. Kí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni yóò gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́hun yóò sọ Sìdíkátù kalẹ̀ ní àlàáfíà, yóò fún ọwọ́ yín ní okun, yóò sì jẹ́ kí n bá gbogbo yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Làmídì, ẹ kí àwọn ará Ìgbọ̀nà, ẹ kí àwọn àna wa ní Iléṣà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì