Ẹ Má Da Omi Ìrántí Bàbá Sínú Ẹ̀rọ Kọfí Mọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tútù níbí, mo kí yín. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi, tó ń ta kọfí ní yàrá iwájú ilé wa ní Adó. Mo kí Àǹtí Àgbà, àbúrò Bàbá, tí ẹnu wọn kì í sinmi. Mo kí Bọ̀dá Káyọ̀dé náà, nítorí ẹ̀gbọ́n ni, ẹ̀gbọ́n ò ṣeé pààrọ̀. Mo kí gbogbo ará Ìgbẹmọ níbi tí ẹ wà.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, fóònù yín kì í jìnnà sọ́wọ́ Bọ̀dá. Ohun tí mo bá sọ níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, òun ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín bó ṣe wù ú. Èyí, ẹ ó fi ojú ara yín kà á.

Òtútù ibí kò dà bí ọyẹ́. Ọyẹ́ máa ń fi ènìyàn sílẹ̀ bí oòrùn bá yọ. Èyí ń bá ènìyàn wọ orí ibùsùn. Mo ṣì wà ní ìsọ̀ kọfí tí mo sọ fún yín. Owó rẹ̀, òkèèrè ló ti ń dán. Mo máa ń lo odindi ọjọ́ láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ tí à ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, kí a tó bọ́ kóòtù, kò kan kọfí rárá. Omi là ń yẹ̀ wò. Omi ìlú yìí le. Bí ẹ bá sè é nínú kẹ́tùlù, èépá funfun á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ó sì fi ọ̀bẹ họ ọ́ tì. Èépá yẹn ló ń pa ẹ̀rọ kọfí. Ìkòkò kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí omi ti ń hó, ọ̀nà tí omi sì ń gbà jáde kò fẹ̀ ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Bí èépá bá dí ibẹ̀, ó parí. Nítorí náà, ọ̀gá wa ní asẹ́ tí omi ń gbà kọjá, tó ń mú ohun tó ń di èépá kúrò, ó sì máa ń pààrọ̀ asẹ́ náà kó tó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Bàbá kú, ọ̀gá yìí fún mi ní ọjọ́ kan láti sunkún. Ó ní òun kẹ́dùn, ó sì béèrè bóyá mo lè tètè dé lọ́jọ́ kejì. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ti fẹ́ da erùpẹ̀ sí wọn lára gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì ti gé. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ ńlá ìsọ̀ wa dákẹ́. Ẹ wá wo ọ̀gá mi, obìnrin náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ti ìsọ̀ pa títí wọ́n fi tún un ṣe. Mo dúró, mo ń wò ó, mo ní irú ènìyàn wo lèyí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Ó mọ ohun tó fẹ́ràn, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Èyí ju ohun tí mo lè sọ nípa àwọn kan nílé wa.

Nígbà tí Bàbá wà lórí àìsàn, Bọ̀dá kì í wá sí Ìgbẹmọ, àfi bí ọdún Kérésì bá dé. Símẹ́ǹtì tó ń tà kò jẹ́ kó ráyè. Bàbá kú tán, ó ráyè. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú ilé Adó, ó fi òkúta mábù kọ orúkọ Bàbá síbẹ̀, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́, lẹ́tà tirẹ̀ sì tóbi ju ti òkú lọ. Wọ́n kọrin, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pe omi náà ní Omi Ìrántí. Láti ọjọ́ náà ló ti pàṣẹ pé omi mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ìsọ̀ Fúnmi. Ó ní ẹni tó bá mu kọfí níbẹ̀, Bàbá ló fún un lómi mu.

Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ kọfí ránṣẹ́ sí Fúnmi láti ibí, mo fi asẹ́ kún un. Bọ̀dá tú u kúrò. Fúnmi sọ fún mi pé ó gbé e sókè lójú àwọn oníbàárà, ó ní, "Ṣé Bàbá ló dọ̀tí tí o fi ń sẹ́ omi wọn?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Àgbà pàtẹ́wọ́. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sẹ́ ògì kí ẹ tó bí wa, ṣé ẹ bú àgbàdo rí?

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń tan òmùgọ̀ jẹ. Èépá kì í pariwo. Kọfí kọ́kọ́ ń pẹ́ kó tó dà. Lẹ́yìn náà, ooru tí wọ́n fi ń mú mílíìkì hó kò lágbára mọ́. Ẹ̀rọ wá ń wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́. Àǹtí Àgbà ní ayé ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n gba òróró, wọ́n fi pa á lórí, wọ́n gbàdúrà lé e, wọ́n sì tún da omi kan náà sí i.

Níkẹyìn, Fúnmi pe ọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó tú ìkòkò inú ẹ̀rọ, ó fi irin kàn án, èépá sì ń jábọ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí èèpo ẹyin. Bọ̀dá wò ó, ó ní ìdọ̀tí òyìnbó ni, pé àlòkù tí wọ́n ti dà sí ààtàn ni mo fi ránṣẹ́. Ọkùnrin tó ti ń ta símẹ́ǹtì láti ìgbà èwe, kò dá símẹ́ǹtì mọ̀ nígbà tó bá a nínú ìkòkò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Fúnmi ní lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan Bàbá, Bọ̀dá yóò bẹ̀ yín níwájú ẹbí kí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti ìsọ̀ náà, kí yàrá di ibi tí yóò máa kó símẹ́ǹtì sí. Fúnmi kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀ láti mu kọfí rẹ̀, òun ló kó wọn jọ fúnra rẹ̀. Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ rántí Bàbá. Bí wọ́n bá ń lọ sùn ní Adó, kẹ́ẹ̀gì omi òjò ni wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, láti inú táńkì dúdú tí wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé yín. Àǹtí Àgbà a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé bàbá oko ń gbé omi wọ ìgboro. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀ nípa kànga àtijọ́ ilé Adó: "Omi ulé yìí, ọṣẹ éè hó nínú rẹ̀." Ilẹ̀ kan náà ni Bọ̀dá gbẹ́, tirẹ̀ kàn jìn sí i ni. Omi tí Bàbá kò gbà láti fi wẹ̀ nígbà ayé wọn ni a wá kọ orúkọ wọn sí lára.

Ìyẹ̀fun kíkan tó ń tú èépá wà lọ́nà, asẹ́ tuntun sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí Fúnmi po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, kó dà á gba inú ẹ̀rọ kọjá, kó fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Kó má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i bí Àǹtí Àgbà ṣe ń wí. Lẹ́yìn náà, kó máa lo omi òjò Bàbá, kó da omi kànga díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí omi tó rọ̀ jù náà a máa jẹ irin. Asẹ́ ni kí méjèèjì gbà kọjá. Ẹ rí i pé mi ò lé omi Bọ̀dá jáde. Mo kàn fi í sí àyè rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ gbé ìkòkò tuntun méjì kaná. Ẹ bu omi kànga onímábù Bọ̀dá sí ọ̀kan, ẹ bu omi òjò sí èkejì, kí ẹ jẹ́ kí méjèèjì hó gbẹ. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé wọn fún Bọ̀dá, kó fi èékánná ara rẹ̀ họ ìdí wọn níwájú ẹbí. Èmi tí mi ò rí erùpẹ̀ dà sí Bàbá lára, ẹ jẹ́ kí n rí èyí ṣe fún wọn.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. Òjò kò ní fo táńkì yín dá. Iṣẹ́ Fúnmi kò ní wó. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ àti gbogbo ará àdúgbò. Bọ̀dá náà, Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀mí gígùn, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n má baà ní ìdí láti gbẹ́ kànga kankan fún un.

Èmi ni ọmọ yín tó wà lókèèrè,
Bọ́sẹ̀dé