Alàgbà Silas Ọládayọ̀ Adégbìtẹ́ (1962–2025), Ẹni Tó Ka Gbogbo Ìjọ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1962 ni a bí Alàgbà Silas Ọládayọ̀ Adégbìtẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Olóyè kọ́ ni bàbá tó bí wọn, a ò ní torí òkú purọ́. Joel Adégbìtẹ́ ń rán bàtà lẹ́bàá ọjà, Màmá Àtinúkẹ́, ìyá wọn, ń din gàrí. Ìyá yìí ṣì wà láyé lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Títí di bí a ti ń kọ èyí, a ò tíì rí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé Silas ti lọ.

Wọ́n ka ìwé mẹ́wàá tán ní 1980. Ọdún náà ni bàbá wọn kú, ìwé sì dúró síbẹ̀. Ní 1984, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn mú wọn wá sí Sokoto, wọ́n rí iṣẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n sì gba yàrá kan ní Tudun Wada. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní 2019. Ní 1990, wọ́n fẹ́ Adétóun, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Olúwa sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni bàbá kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Tudun Wada ni wọ́n ń lọ, wọn á dúró sẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, wọn á máa wò, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó jókòó lọ.

Ní 2014, wọ́n gbé ìmọ̀ náà wá sí Ìjọ Ilé Ìsádi yìí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìjọ Sokoto ti rí: àgùnbánirọ̀ dé, ó lọ, òṣìṣẹ́ báńkì dé, wọ́n gbé e lọ sílùú mìíràn. Èèyàn lè wà lórí ibùsùn àìsàn kí á máa rò pé ó ti kó lọ. Bàbá bá kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á fi fóònù sàmì sí ẹni tó bá wọlé. Ẹni tí kò bá wá ní Sọ́ńdè mẹ́ta léra, orúkọ rẹ̀ á di pupa, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé ọwọ́ ẹgbẹ́ abẹ̀niwò lọ́jọ́ Ajé, wọn á sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn àgbà kan yarí. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n ní Dáfídì ka Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn dé. Bàbá dìde nínú ìpàdé, wọ́n ní: “Ẹ̀yin àgbà, olùṣọ́ àgùntàn tó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀, tí kò bá kà wọ́n, ta ló sọ fún un pé ọ̀kan kù?” Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró, olùkọ́ yunifásítì, wà láyé nítorí orúkọ pupa yẹn. Ọjọ́ Ajé kan ní 2017 ni wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n bá a nílẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó láàárín yín bí ẹ ti ń ka èyí.

Bàbá máa ń dé ilé ìsìn ṣáájú àwọn tó ń sàmì. Nítorí náà, láti 2014, wọ́n ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa fúnra rẹ̀ kọ “ó wá” síwájú orúkọ tiwọn ní gbogbo Sọ́ńdè. Ọdún mọ́kànlá kọjá. Wọ́n gbàgbé pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2025, egbò kékeré yọ sí ẹsẹ̀ bàbá, ìtọ̀ ṣúgà kò sì jẹ́ kó jinná. Ẹsẹ̀ wú, wọn kò lè jáde nílé wọn ní àdúgbò Kasarawa mọ́. Màmá Adétóun ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 2022, tí wọ́n ń tọ́jú ìyá ọkọ wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè, bàbá á ní ìjọ ń bẹ òun wò dáadáa. Irọ́ ni. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bò láṣìírí.

Aládùúgbò wọn, Màlámù Màmúdù tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ló ń ra oúnjẹ àti òògùn wá. Láràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn, tó ń béèrè àlàáfíà wọn lédè Hausa: “Baba, lafiya?” Ó ní kí òun gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bàbá ní kó ṣe sùúrù, àwọn ará òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn Sọ́ńdè kẹta, wọ́n ní kó gbálẹ̀, kó to àga mẹ́ta. Àga mẹ́ta ṣófo títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Ajé kejì, wọ́n tún ní kó tò ó. Màmúdù ní kí wọ́n kúkú pè yín. Bàbá ní bí òun bá pè, ìbẹ̀wò kọ́ nìyẹn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò ní nọ́ńbà wọn. Arákùnrin Jíbọ́lá, tó ń bá wọn jókòó ti kọ̀ǹpútà, pè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn: ó béèrè ibi tí wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri wà. Bàbá sọ fún un. Ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Nígbà tí Màmá Adétóun wá bi í pé ṣé kò rí i pé bàbá kò sí níjòókòó ni, ó ní: “Mà, lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wá o.”

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án, Màmúdù kò gba sùúrù mọ́. Ó pọn bàbá bí ọmọ, ó gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé, ẹsẹ̀ nìkan ni ì bá lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá dákẹ́. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, tí òkú wà ní mọ́ṣúárì, kọ̀ǹpútà yín ṣì ní wọ́n wá.

Olùṣọ́-àgùntàn bẹ àwa ẹbí pé kí a kọ “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” síbí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kì í ṣe ránpẹ́. Ìjọ tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àṣírí tí bàbá fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè yọ orúkọ wọn. Màmá Adétóun ní in, wọn yóò sì fún yín lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ orúkọ. Kí Jíbọ́lá padà sí Sọ́ńdè márààrún yẹn, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òtítọ́ sí i lójú gbogbo ìjọ: kò wá. Kí orúkọ náà pọ́n bó ti yẹ kó pọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ abẹ̀niwò dìde lọ sí Kasarawa, kí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmúdù.

Bàbá fi ìyá arúgbó sáyé lọ, àti aya wọn Adétóun; àwọn ọmọ, Ayọ̀fẹ́, Ọpẹ́olúwa àti Tijésùnimí; ọmọ-ọmọ mẹ́rin; àti Màmúdù, tí ẹbí Adégbìtẹ́ kà kún ọmọ láti òní lọ.

Ẹ sùn re, bàbá. Ibi tí ẹ dé yìí, wọ́n mọ̀ pé ẹ ti dé.